Iṣẹ́ ọ̀sán ni sísùn nínú igbó: bí ẹ ṣe lè mọ́jú nínú àfonífojì olókùúta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn

Ilẹ̀ kì í mọ́ bá ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú àfonífojì. Wọ́n á kúrò ní Kàbà tàbí Ìsánlú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, lọ́sàn-án pẹ̀lú ariwo, wọ́n á ya fọ́tò lórí àpáta. Tó bá di nǹkan bí aago méjì òru, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń fi iná fóònù wá ọ̀nà ilé, omi ti tán, eyín ń gbá eyín. Èmi náà ti ṣe é rí. Oṣù kìíní ni, èmi àti àbúrò mi kan. A gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 kan ṣoṣo, ẹní kan àti kúbùsù méjì. A rò pé ejò ni yóò dà wá láàmú. Ejò kankan kò yọjú, òtútù ló lé wa.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà yẹn ni pé oòrùn máa ń tètè kúrò nínú àfonífojì. Tí ojú ọjọ́ bá ṣì mọ́ kedere ní pápá ní aago márùn-ún ààbọ̀, òjìji òkè ti lè bo ìsàlẹ̀ láti aago mẹ́rin, nígbà mìíràn kó tilẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá fi aago pápá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, inú òkùnkùn ni yóò ti ṣẹ́gi, inú òkùnkùn ni yóò ti wá omi. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ni mo fi aago sí, nítorí pé aago yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣeré.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe aṣálẹ̀. Àmọ́ láti ìparí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, tí ọyẹ́ bá ti mú, tí àwọn odò kéékèèké tó wà láàárín òkè Ìjùmú, Yàgbà àti Bùnú bá ti gbẹ kan iyanrìn, ìwà aṣálẹ̀ ni wọ́n ń hù: ọ̀sán gbóná, òru tutù, atẹ́gùn ń fa omi kúrò lára ènìyàn láìjẹ́ kó rí òógùn. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú ohun tí àwọn tó ń sun àfonífojì aṣálẹ̀ ní Arizona àti Utah ní Amẹ́ríkà ń ṣe fi wúlò fún wa. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ṣá o. Mo máa sọ ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ sí tiwa.

Ohun tí ẹ máa kó dání

Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fún òru kan:

- Omi lítà 6. Mẹ́rin jẹ́ ti mímu láàárín wákàtí 24, méjì tó kù jẹ́ ti oúnjẹ àti ti ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹ pín in sí kẹ́ẹ̀gì méjì, torí bí ọ̀kan bá jò, òmíràn á ṣẹ́kù. Omi inú ọ̀rá kò dára fún ìrìn yìí; ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá jókòó tì í lórí àpáta, ó ti bẹ́.
- Ẹní kan, kúbùsù méjì. Bí ìyá àgbà bá ní kíjìpá àtijọ́ tí wọ́n lè yá yín, ẹ gbà á. Ó ju kúbùsù ọjà lọ.
- Fìlà tó bo etí, ìbọ̀sẹ̀ méjì, ṣòkòtò gígùn, àti aṣọ gbígbẹ kan tí ẹ kò ní wọ̀ rárá títí di ìrọ̀lẹ́.
- Tápólì kan àti okùn tó tó mítà 10.
- Àdá, ọ̀bẹ, ọkọ́ kékeré tàbí ṣọ́bìrì ọlọ́wọ́ kúkúrú.
- Láítà méjì, ìṣáná tí ẹ wé sínú ọ̀rá, àti ihá ẹyìn gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ méjì. Kò sí ohun tó ń ràn bí ihá nígbà ọyẹ́.
- Ìkòkò irin kékeré, ife, aṣọ funfun mímọ́ kan tí ẹ máa fi sẹ́ omi.
- Tọ́ọ̀ṣì tí a ń so mọ́ orí, pẹ̀lú bátìrì mìíràn. Fóònù kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì.
- Fèrè, òrí, iyọ̀, ṣúgà, bándéèjì fífẹ̀, àti oògùn tí ẹ bá ń lò tẹ́lẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ gbé ohun tí kì í jẹ omi: gàrí, ẹ̀pà, ẹja gbígbẹ, iṣu tí ẹ máa sun nínú ẹyín iná. Mo ti rí àwọn tó gbé ẹ̀wà lọ. Wọ́n fi gbogbo omi wọn àti ìdajì igi wọn se é, kò sì jinná.

1. Ẹ gba ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ (ó kéré tán, ọjọ́ méjì ṣáájú)

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá máa ń fò, òun ló sì léwu jù. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ajínigbé ti ń fara pamọ́ sínú àwọn igbó kan ní apá ìwọ̀-oòrùn Kogí yìí. Ibi tó dára lọ́dún tó kọjá lè má dára lónìí. Kò sí ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì tó lè sọ ìyẹn fún yín bí ọdẹ abúlé tó sún mọ́ òkè náà. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀, kí wọ́n fi yín mọ olórí ọdẹ tàbí àwọn tó ń ṣọ́ ìlú. Ẹ kí wọn ní “Ọ̀kun o”, bí wọ́n ti ń kí ara wọn níbẹ̀, dáadáa, ẹ má sáré béèrè. Tí ẹ bá ti jókòó tán, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ta ló ń gba ọ̀nà yẹn kọjá lóru báyìí; ibo nínú rẹ̀ ni wọ́n ń bọ tàbí tí àlejò kì í dé; ibo ni omi ṣẹ́kù sí. Bí ọdẹ bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má lọ. Ẹ má dúnàá dúrà, ẹ má sọ pé ẹ ti wọ ọkọ̀ láti Ìlọrin tàbí Abùjá wá. Ẹ yan ọjọ́ mìíràn tàbí òkè mìíràn.

Ìdí mìíràn wà tí ọdẹ fi gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ máa sùn. Lóru, iná tó wà níwájú orí ni ọdẹ fi ń wá ẹran, ojú tó bá dán nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń yìnbọn sí. Ẹ fi ibi tí ẹ máa sùn hàn án gan-an, kì í ṣe “ìhà ibẹ̀ yẹn”.

Ẹnì kan nílé náà gbọ́dọ̀ mọ wákàtí tí ẹ máa padà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí nísàlẹ̀ àfonífojì, nítorí náà ẹ fi àdéhùn sí i: “Tí mi ò bá pè yín láti orí òkè kó tó di aago mọ́kànlá àárọ̀, ẹ pe olórí ọdẹ.” Nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè wa ni 112, àmọ́ olórí ọdẹ ló sún mọ́ yín jù.

Ẹ wò ó bóyá ó ti pé: ẹnì kan ní abúlé lè na ìka sí ibi tí ẹ máa sùn, ẹnì kan nílé sì lè sọ aago tí ẹ̀rù yín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ba òun. Tí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, ẹ kò tíì lọ.

2. Ẹ yan ibùsùn (ẹ ti dé kó tó di aago kan ọ̀sán)

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìrìn, kí ẹ lè sinmi tí oòrùn bá kan àtàrí. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn aago mẹ́ta, ìmọ̀ràn mi ni pé kó padà sí abúlé lọ sùn.

Tí ẹ bá dé, ẹ má tíì sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ wo ara àpáta àti ẹ̀ka igi tó wà lẹ́bàá odò gbígbẹ náà. Ẹ ó rí koríko gbígbẹ, igi wẹ́wẹ́ àti àkísà ọ̀rá tí omi fi há sórí ẹ̀ka nígbà òjò, nígbà mìíràn yóò ga ju orí yín lọ. Ibẹ̀ ni omi dé. Òkè àmì yẹn ni kí ẹ sùn, bó ti wù kí iyanrìn ìsàlẹ̀ rọ̀ tó. Iyanrìn dídán tó tẹ́jú yẹn gan-an ló ń tan ènìyàn jẹ. Lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1997, àwọn arìnrìn-àjò mọ́kànlá kú nínú àfonífojì Antelope ní Arizona. Òjò ńlá kò rọ̀ lórí wọn. Ọ̀nà jíjìn ni òjò náà ti rọ̀, omi rẹ̀ ló wá bá wọn láàárín àpáta tóóró. Tiwa kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá àárín oṣù kẹta, tí ẹ bá ti ń gbọ́ àrá àkọ́rọ̀ òjò, ẹ pa ìrìn yìí tì títí di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.

Ohun kejì ni òtútù. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó máa ń ṣàn wálẹ̀ lóru bí omi, ó sì máa ń dúró sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibi tó ṣe bí pèpéle, tó fi mítà díẹ̀ ga ju ìsàlẹ̀ lọ, yóò gbóná jù ú lọ. Tí ẹ bá lè rí èyí tí àpáta ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ó tún dára sí i: oòrùn ọ̀sán ti yan àpáta yẹn, yóò sì máa tú ooru náà sí yín lára títí ilẹ̀ yóò fi ṣú dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbójú sókè. Àpáta ilẹ̀ wa máa ń bó ní ìpele ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Tí ẹ bá rí pẹlẹbẹ òkúta tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mú ilẹ̀, tàbí àfọ́kù tuntun nílẹ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ tún dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ gbọ́. Oyin fẹ́ràn láti máa gbé inú pàlàpálá àpáta. Tí ẹ bá gbọ́ ìró wọn tàbí tí ẹ rí wọn tí wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde, ẹ lọ jìnnà kí ẹ tó dáná. Èéfín lè lé wọn jáde. Bí wọ́n bá dìde sí yín, ẹ fi aṣọ bo ojú, ẹ sá, ẹ má dúró gbá wọn. Tí ẹ bá bọ́, ẹ ha abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ta yín kúrò kíákíá.

Ihò àpáta ńkọ́? Gbogbo ènìyàn ló máa ń fẹ́ sùn síbẹ̀. Èmi kì í sùn síbẹ̀. Àdán wà níbẹ̀, ejò fẹ́ràn rẹ̀, tí ẹ bá sì dáná sínú rẹ̀, èéfín tí kò rí ọ̀nà jáde lè pa yín lójú oorun láìjẹ́ kí ẹ mọ̀.

Kí ẹ tó sọ ẹrù kalẹ̀: ẹ dúró síbi tí ẹ yàn, kí ẹ wo àmì omi. Ṣé ó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín? Ẹ wòkè. Ṣé kò sí ohun tó lè já lé yín?

3. Ẹ wá omi kejì (aago kan sí mẹ́ta)

Omi tí ẹ gbé wá ni ẹ máa mu. Èyí tí ẹ máa wá yìí jẹ́ ìgbẹ̀yìn àpò, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti rí i kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ẹni tí omi tán fún lóru kò ní rí i nínú òkùnkùn.

Fídíò àwọn òyìnbó máa ń fi hàn yín pé kí ẹ gbẹ́ ihò, kí ẹ ta ọ̀rá lé e, kí oòrùn fa omi jáde. Mo ti dán an wò. Òógùn tí mo là níbi gbígbẹ́ ihò náà ju omi tí mo rí lọ. Ọ̀nà tiwa ni ti àwọn ọdẹ àti àwọn darandaran.

Ẹ tẹ̀ lé odò gbígbẹ náà títí dé ibi tó ti yí bí ìgbọ̀nwọ́. Etí tó wà níta ìyípo yẹn, níbi tí omi ti máa ń fi agbára lu àpáta nígbà òjò, ni ilẹ̀ ti jìn jù, ibẹ̀ sì ni omi máa ń sá pamọ́ sí lábẹ́ iyanrìn. Tí igi ọ̀pọ̀tọ́ tàbí igi mìíràn bá wà níbẹ̀ tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo àyíká ti pọ́n, ó dára. Bí ẹ bá rí ipa ẹsẹ̀ ẹran tí ó ti fi pátákò gbẹ́lẹ̀, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdàbà tó ń fò wálẹ̀ nírọ̀lẹ́ kì í purọ́.

Ẹ gbẹ́ ẹ. Tí iyanrìn bá ti tutù ní ìwọ̀n gígùn apá ènìyàn, ẹ máa gbẹ́ lọ. Tí ẹ bá gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n yẹn tí kò tutù rárá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ lọ síbòmíràn. Agbára yín náà jẹ́ omi. Ihò inú iyanrìn máa ń ya lulẹ̀, nítorí náà ẹ gbẹ́ ẹ kó fẹ̀ lẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ inú èyí tó bá ti jìn kọjá ìbàdí. Omi yóò máa sun díẹ̀díẹ̀. Ẹ da ife méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ nù, ẹ jẹ́ kí ìyókù silẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ wá fi aṣọ tí ẹ ṣẹ́ po mẹ́rin sẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ sè é. Kó hó gùdùgùdù fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Álúmù máa ń jẹ́ kí omi mọ́ lójú, àmọ́ kì í pa kòkòrò àrùn. Omi tó mọ́ lójú ti da ọ̀pọ̀ ikùn rú.

Ẹ ṣọ́ra fún mẹ́ta yìí:

Omi tó dágún lórí àpáta, tí tanwíjí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, ṣeé sẹ́ kí a sì sè. Èyí tí kòkòrò kankan kò sí nínú rẹ̀ rárá, tí ewéko etí rẹ̀ ti kú, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Tí oko bá wà lókè odò náà, ẹ rántí oògùn apakoríko. Tí àwọn awakùsà bá ń fọ góòlù lókè rẹ̀, bó ṣe wà ní àwọn ibì kan ní ìhà Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ẹ rántí ásíìdì àti mákúrì. Síse kì í mú ìwọ̀nyí kúrò nínú omi. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí omi bẹ́ẹ̀ nínú igbó ju kí ẹ fi í sílẹ̀ lọ.

Ẹ má wọ inú ọ̀gọ̀dọ̀ tó ṣẹ́kù nínú odò láti wẹ̀, pàápàá tí ìgbín omi bá wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àtọ̀sí ajá, èyí tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, ti ń wọ ara.

Ẹ wò ó: tí ẹ bá ti rí ibi tí ife kan ń kún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti tó. Ẹ fi ẹ̀ka igi sàmì sí i kí ẹ lè rí i lóru. Tí ẹ kò bá rí omi kankan títí di aago mẹ́ta, tí ìyókù inú kẹ́ẹ̀gì yín kò sì tó lítà 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìrìn ti parí, ẹ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyẹn kì í ṣe ìtìjú.

4. Ẹ tẹ́ ibùsùn (aago mẹ́ta sí mẹ́rin ààbọ̀)

Ibí ni èmi àti àbúrò mi ti ṣubú. Kúbùsù méjì la fi bora. Ohun kan ṣoṣo la tẹ́, ẹní. Òkúta fa gbogbo ooru ara wa lọ láti ìsàlẹ̀. Ohun tí ẹ bá tẹ́ ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ bá fi bora lọ.

Ẹ fi igi gbọọrọ mẹ́rin ṣe bí férémù ibùsùn lórí ilẹ̀. Ẹ gé koríko gbígbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ilé láyé àtijọ́, kó kún inú rẹ̀ títí dé orúnkún. Tí ẹ bá dùbúlẹ̀ lé e, yóò rọlẹ̀, ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ yóò ṣẹ́kù. Ìwọ̀n yẹn ni ẹ ń wá. Ẹ fi igi lu koríko náà dáadáa kí ẹ tó kó o wá, kí àkeekèé tó wà nínú rẹ̀ lè já sílẹ̀. Kí ẹ sì tó gé e, ẹ wò ó bóyá yèrèpè so mọ́ ọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èso rẹ̀ ń gbẹ, atẹ́gùn á sì máa gbé irun ara rẹ̀ kiri. Omi tí ẹ máa fi fọ̀ ọ́ kúrò lára, ẹ kò ní in.

Ẹ tẹ́ ẹní lé koríko, ẹ tẹ́ kúbùsù kan lé ẹní, ẹ fi èkejì bora. Tápólì, ẹ ta á sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó rẹlẹ̀. Ẹ má ta á sókè bí àtíbàbà òde ìyàwó. Atẹ́gùn ọyẹ́ yóò gbé e lọ, kò sì ní gba òtútù kankan fún yín.

Ẹ wò ó: ẹ dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ojúmọmọ ṣì wà. Tí ìbàdí tàbí èjìká yín bá kan òkúta, ẹ lọ gé koríko sí i. Ẹ ó fẹ́ ṣọ̀lẹ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

5. Ẹ dáná, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fá ilẹ̀ (aago mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà)

Nínú oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, igbó wa ṣetán láti jó. Iná sì máa ń gun òkè yára ju bó ti ń sọ̀ lọ. Nínú àfonífojì, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yín ni òkè. Ẹ fá koríko kúrò títí yóò fi ku ilẹ̀ lásán, ìṣísẹ̀ márùn-ún yíká ibi tí ẹ máa dáná sí. Tí ẹ bá rí èéfín ńlá lókè tàbí nísàlẹ̀ odò tó ń sún mọ́ yín, ẹ sá lọ sórí iyanrìn fífẹ̀ tàbí orí àpáta tí kò ní koríko. Ẹ má sá gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ní koríko.

Ẹ má fi òkúta inú odò ṣe ààrò. Omi wà nínú rẹ̀ tí ojú kò rí. Tó bá gbóná, yóò bẹ́ bí ìbọn. Ẹ má sì dáná tì àpáta tí ẹ fẹ̀yìn tì, torí ooru máa ń mú kí ó bó. Ẹ gbé iyanrìn tó nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kalẹ̀, ẹ dáná lé e.

Igi ayin gbígbẹ ló dára jù. Ẹyín rẹ̀ máa ń pẹ́. Ẹ má gé igi emi tàbí igi igbá tútù, wọ́n ní ẹni tó ni wọ́n. Ẹ kó igi jọ títí tí ẹ bá rò pé ó tó, ẹ wá kó ìlọ́po méjì rẹ̀. Mi ò ṣe àwàdà.

Tí ilẹ̀ bá ṣú, atẹ́gùn inú àfonífojì máa ń fẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Nítorí náà, apá ìsàlẹ̀ ibùsùn yín ni kí iná wà, kó jìnnà tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kí èéfín lè máa lọ kúrò lọ́dọ̀ yín.

Ẹ wò ó: iná ti ràn, omi ti hó, gbogbo igi ti wà nítòsí, ẹ kò sì tíì nílò tọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ bá ti nílò tọ́ọ̀ṣì, ẹ ti pẹ́. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn.

6. Òru

Ẹ pààrọ̀ sí aṣọ gbígbẹ kí òtútù tó dé. Èyí tí òógùn ti rin, bó ti wù kó nípọn, òtútù ló máa fà. Ẹ jẹun dáadáa, kí ẹ̀pà wà níbẹ̀. Ẹ fi òrí pa ètè, imú àti ẹsẹ̀.

Ẹnì kan yóò gbé ògógóró jáde, yóò ní ó ń mú ara gbóná. Awọ ara nìkan ló ń mú gbóná. Ooru tó wà ní inú ló ń kó jáde síta. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ tí ẹ bá padà délé.

Kí ẹ tó dìde fún ohunkóhun, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kí ẹ tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ gbọn bàtà. Ẹ má ti ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta tàbí àárín igi ìdáná láìwò ó. Bí ejò bá bu ẹnì kan ṣán, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ bọ́ òrùka àti bàtà apá ibẹ̀, ẹ fi igi àti bándéèjì mú ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà dúró kó má mì, ẹ kọ aago tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má so okùn le mọ́ ọn. Ilé ìwòsàn ló kàn, ẹ gbé e lọ. Ẹ má jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn tí ẹ bá lè gbé e. Ẹnì kan yóò gun òkè lọ pe ọdẹ.

Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí tíì tí kò ní mílíìkì, omi ló ń wá. Ṣíbí tíì ṣúgà 6 tó tẹ́jú àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú lítà omi kan, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Àyẹ̀wò òru kò ju ẹyọ kan lọ. Tí ẹ bá jí ní aago méjì, ẹ gbọ́ bí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yín ti rí. Tí ó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, ilẹ̀ yóò mọ́ bá yín níbẹ̀. Tí ó bá tutù, ẹ ti aṣọ tó kù sábẹ́, kì í ṣe sórí.

7. Òwúrọ̀ (ẹ ti kúrò níbẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ)

Ẹ má fi iyanrìn bo ẹyín iná kí ẹ sì lọ. Yóò gbóná lábẹ́ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ọmọ darandaran tó bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ da omi inú ihò iyanrìn lé e, ẹ rò ó pọ̀, ẹ tún da sí i. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: tí ẹ kò bá lè gbé ọwọ́ lé e fún ìṣẹ́jú kan, kò tíì kú.

Ìgbẹ́, ẹ ti gbẹ́ ihò rẹ̀ jìn tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, tó jìnnà sí ojú odò tó àádọ́rin ìṣísẹ̀, bí ilẹ̀ bá gbà á. Ọ̀rá àti ike, ẹ gbé e padà. Ihò omi tí ẹ gbẹ́, ẹ dí i kí màlúù má bàa fi ṣẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ tú koríko ibùsùn ká.

Ẹ gun orí òkè, ẹ pe ilé. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ yà lọ́dọ̀ olórí ọdẹ tí ẹ dágbére fún, kí ẹ jẹ́ kó fojú rí yín, kó ka orí yín pé. Tí ẹ bá gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé láìsọ fún un, òun ni yóò fi òru ọjọ́ kejì wá yín kiri.